Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Tọ́ Ọ Wò: Bí Gémù Ṣe Ń Ta Ọjà

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo bá àwọn ọlọ́jà, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ kóòdù sọ nínú gbọ̀ngán kékeré kan ní Alágbàká, Àkúrẹ́, lọ́jọ́ Sátidé kan tí òjò ò jẹ́ ká tètè bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí òjò dá dúró sílé ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fáwọn, mo sì kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́.

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi àti ẹ̀yin àbúrò tẹ́ ẹ gbé láptọ́ọ̀pù yín wá. Ẹ kú òjò, ẹ kú ìjókòó. Mo rí àwọn tó ti Ìdànrè wá, mo rí àwọn tó ti Oǹdó wá, ọ̀nà ò sì rọrùn lọ́jọ́ òjò, ẹ ṣeun gan-an ni.

Ọjà Ọba ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú yín lọ. Tẹ́ ẹ bá lọ ra epo pupa níbẹ̀, ìyá tó ń ta epo ò ní bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé rẹpẹtẹ fún yín pé epo òun dáa. Ó máa kán díẹ̀ sí yín lẹ́yìn ọwọ́, á ní "ẹ tọ́ ọ wò, kò lómi, kò ládàlù." Ẹ̀yin náà á fi ahọ́n kàn án, ẹ á gbóòórùn ẹ̀, ẹ á fi ìka méjì pa á wò, kẹ́ ẹ sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an rárá ẹ ti mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ mọ̀. Ẹni tó fẹ́ ra gàárì á bu díẹ̀ sẹ́nu. Ẹni tó ń ta aṣọ á gbé e lé yín léjìká, á gbé dígí síwájú yín. Àwọn tó ń ra kòkó láwọn abúlé wa ńkọ́, ṣebí wọ́n máa ń ki ọwọ́ bọ àpò, wọ́n á fún hóró mọ́ àtẹ́lẹwọ́ kí wọ́n gbọ́ bóyá ó gbẹ, wọ́n á fi ọ̀bẹ là á sí méjì kí wọ́n wo inú ẹ̀. Ìtọ́wò ni gbogbo ẹ̀. Gbogbo ohun tí mo máa sọ nípa gémù lónìí, orí ìtọ́wò yẹn ló dúró lé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dì í mú.

Nǹkan míì tún wà lọ́jà tó ń jẹ́ èènì. Èènì dáa, kò sẹ́ni tí ò fẹ́ èènì, tí wọn ò bá fún mi ní èènì èmi náà máa ń bínú. Àmọ́ èènì ò sọ nǹkan kan fún yín nípa ọjà náà. Epo tó lómi lè ní èènì, gàárì tó kan ju bó ṣe yẹ lọ lè ní èènì, kódà ibi tí ọjà ò bá ti dáa ni èènì ti máa ń pọ̀ nígbà míì.

Ohun tó ń dùn mí, tó jẹ́ kí n gbà láti wá sọ̀rọ̀ níbí, ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ pé àwọn fẹ́ fi gémù polówó ọjà, èènì ni wọ́n ń ṣe, ìtọ́wò ò sí níbẹ̀. Wọ́n á ṣe kẹ̀kẹ́ tó ń yí lórí fóònù, yí i kó o jẹ fáànù, yí i kó o jẹ káàdì. Àbí kẹ́ ẹ ṣí ìdérí ìgò kẹ́ ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sínú ẹ̀, gbogbo wa la ti ṣí ìdérí yẹn rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí èyí lè gbé èèyàn dé. Ní 1992, lórílẹ̀-èdè Philippines, Pepsi ṣe prómò kan tí wọ́n pè ní Number Fever. Wọ́n tẹ nọ́mbà sínú ìdérí ìgò, wọ́n ń kéde nọ́mbà tó jẹ lórí tẹlifíṣọ̀n, èyí tó ga jù níbẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan peso, owó tó lè yí ayé tálákà padà. Odindi ìlú ló ń mu mínírà, àwọn èèyàn ń ṣa ìdérí nílẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún, wọ́n kéde nọ́mbà 349. Ìdérí méjì péré ló yẹ kó gba owó ńlá yẹn, àmọ́ àṣìṣe kọ̀ǹpútà ti jẹ́ kí wọ́n tẹ 349 sínú ìdérí bíi 800,000! Ẹ fojú inú wo ìyá kan tó mú ìdérí yẹn dání, tó ti ń sọ fáwọn ọmọ ẹ̀ pé ìyà ti tán, wọ́n wá ní 500 peso làwọn máa fún un. Àwọn kan gbà á. Àwọn míì ò gbà, wọ́n sun ọkọ̀ ilé iṣẹ́ náà, wọ́n ju bọ́ǹbù, àwọn èèyàn kú síbẹ̀. Ẹjọ́ náà ń yí káàkiri títí di 2006 kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lọ́hùn-ún tó dá a pé ilé iṣẹ́ náà ò jẹ wọ́n lówó yẹn. Mo wá fẹ́ bi yín o, nínú gbogbo wàhálà yẹn, kí ni ẹnikẹ́ni mọ̀ sí i nípa mínírà fúnra ẹ̀, bó ṣe dùn sí, ohun tó fi dáa ju òmíràn lọ? Kò sí. Nọ́mbà ni wọ́n rà.

Òfin náà sì wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Àjọ FCCPC tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, òfin ọdún 2018 ló gbé e kalẹ̀, ẹni tó bá ṣèlérí ẹ̀bùn tí ò fi sílẹ̀ ń wá ọ̀ràn fún ara ẹ̀ ni. Tó bá wá jẹ́ ẹ̀bùn oríire, irú èyí tó jọ lọ́tìrì, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà ti dá a ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2024 pé ọ̀rọ̀ lọ́tìrì kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀ láwọn ìpínlẹ̀, ìpínlẹ̀ ló ni ín. Torí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Àkúrẹ́, kẹ́ ẹ tó fi kẹ̀kẹ́ oríire sórí ọjà yín, ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ní Alágbàká níbí, kò jìnnà, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn débẹ̀.

Gémù kan tún wà tí kì í ṣe èènì, tí kì í sì í ṣe ìtọ́wò, ìyẹn gémù tó ń kó èèyàn jọ. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n jù mí lọ, ibi tí wọ́n bá ti ń ta ayò, ẹlẹ́mu kì í jìnnà síbẹ̀. Ilé 12 ló wà lójú ọpọ́n, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, èèyàn méjì péré ló ń ta á, àmọ́ èèyàn mẹ́wàá ló dúró yí wọn ká, àwọn mẹ́wàá yìí ló ń pariwo pé "jẹ ilé yẹn, ṣé o ò rí i ni, ọ̀pẹ̀ ni ọ́!" àwọn mẹ́wàá yìí náà ló sì ń mu ẹmu. Ẹlẹ́mu tó gbọ́n, òǹwòran ló ń ta ẹmu fún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe gémù, ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ẹ máa rò ti ẹni tó ń wò, kó má jẹ́ ti ẹni tó ń ta nìkan. Tí ọmọ kan bá ta gémù yín tó gbé èsì ẹ̀ sórí status WhatsApp, igba èèyàn ló máa rí i, kí ni wọ́n máa rí? Nọ́mbà lásán, àbí nǹkan tó máa jẹ́ kí wọ́n ní "irú kí lèyí, fún mi ní líǹkì ẹ̀"?

Àwọn òyìnbó ti ṣe irú èyí dáadáa. Ní 1996 ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Chex, síríàlì tí wọ́n ń bu wàrà sí láàárọ̀, fi gémù kọ̀ǹpútà sínú páálí ẹ̀, Chex Quest lorúkọ ẹ̀. Orí ẹ̀rọ gémù Doom tó kún fún ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ lé, wọ́n wá yọ ẹ̀jẹ̀ kúrò, ìbọn inú ẹ̀ ò pa ẹnikẹ́ni, ńṣe ló ń dá àwọn ọ̀tá padà síbi tí wọ́n ti wá. Àwọn ọmọ ìgbà yẹn ti dàgbà báyìí, wọ́n ò tíì gbàgbé ẹ̀, débi pé wọ́n tún un ṣe jáde ní 2020. Ní 2006 Burger King, ilé iṣẹ́ tó ń ta búgà, ṣe gémù mẹ́ta fún Xbox, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ta gémù nílé, ẹni tó bá ra oúnjẹ máa fi dọ́là mẹ́rin ó dín sẹ́ǹtì kan ra ọ̀kan sí i, èyí tí wọ́n tà lé ní mílíọ̀nù méjì. Ẹ gbọ́, àwọn èèyàn fowó ara wọn ra ìpolówó! Ó dáa, mi ò ní purọ́ pé kò dáa. Àmọ́ ilé iṣẹ́ olówó ńlá ni wọ́n, tí gémù ò bá tiẹ̀ mú ọjà wá lójú ẹsẹ̀ wọn ò ní jẹ gbèsè. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Arákálẹ̀ ò ní irú owó yẹn. Torí ẹ̀ ni mo fi ń sọ pé ìtọ́wò ni tiwa.

Ìtọ́wò inú gémù yìí làwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní símúléṣọ̀n, kí nǹkan máa ṣe bí ẹni pé gidi ni láì jẹ́ gidi, kí èèyàn lè fọwọ́ ara ẹ̀ gbìyànjú ohun tí ò tíì rà. Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà, Edwin Link, ilé iṣẹ́ dùùrù ni bàbá ẹ̀ ní. Ó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ òfurufú, owó ẹ̀kọ́ sì wọ́n. Ó bá mú ẹwìrì tí wọ́n fi ń fẹ́ atẹ́gùn sínú dùùrù, ẹwìrì bíi ti alágbẹ̀dẹ wa yìí, ó fi gbé àpótí kan tó ṣe bí ọkọ̀ òfurufú kékeré, ẹni tó bá jókòó sínú ẹ̀ á máa tẹ̀ síbí, á máa tẹ̀ sọ́hùn-ún bíi pé ó wà lókè. 1929 ló ṣe é. Kí lẹ rò pé àwọn èèyàn kọ́kọ́ fi ṣe? Ibi ìgbafẹ́ ni wọ́n ti rà á, eré ni wọ́n fi ń ṣe, àwọn ológun ò kọbi ara sí i. Nígbà tó di 1934, ìjọba ní kí àwọn ológun òfurufú máa fi ọkọ̀ òfurufú gbé lẹ́tà, ojú ọjọ́ ò dáa, àwọn awakọ̀ ń já bọ́, wọ́n ń kú. Àwọn ọ̀gá ológun ní kí Link wá pàdé àwọn, kùrukùru bo ilẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ti ń rò pé kò lè wá, àfi bó ṣe balẹ̀ wẹ́rẹ́, ohun tí àpótí ẹ̀ fi ń kọ́ èèyàn gan-an ló fi balẹ̀. Mẹ́fà ni wọ́n rà. Kò sí ìpolówó tó ju ìyẹn lọ, ìròyìn ò tó àfojúbà.

Ó yá, mo fẹ́ sọ èyí tí ojú tèmi rí, níbí ní Àkúrẹ́, mo sì máa pẹ́ díẹ̀ lórí ẹ̀ torí ibẹ̀ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí.

Ẹ̀gbọ́n kan wà tó ń ta sólà àti ìnfátà, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná tí ilé ń lò. Ó pè mí, ó ní òun fẹ́ gémù tó máa mú kọ́sítọ́mà wá, kẹ̀kẹ́ tó ń yí ló ní kí n ṣe, mo sì ṣe é. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n yí kẹ̀kẹ́ yẹn títí. Àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì tó ń ti ilé ìwé bọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n ń gba tọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń gba kíhóódà, kò sẹ́ni tó ti ibẹ̀ ra ìnfátà kan. Bàbá kan jẹ fáànù, ó débẹ̀, fáànù ti tán, ariwo sọ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀gbọ́n ní kí n pa nǹkan náà rẹ́, mo pa á rẹ́. Inú mi bàjẹ́ gan-an, torí owó ẹni tó gbà mí gbọ́ ni mo ná dànù yẹn.

Mo wá sọ fún un pé kó jẹ́ kí n wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ méjì, mi ò ní sọ̀rọ̀, mo kàn fẹ́ gbọ́. Ẹ wò ó, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè: "Ṣé ó máa gbé fíríìjì mi? Ṣé ó máa gbé tẹlifíṣọ̀n?" Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù á ní "á gbé e dáadáa." Irọ́ kọ́ o, ó máa gbé e. Àmọ́ fún wákàtí mélòó? Ìyẹn lẹnikẹ́ni ò béèrè. Wọ́n á ra bátìrì kan, wọ́n á tan gbogbo nǹkan inú ilé, tó bá di aago mẹ́wàá alẹ́ gbogbo ẹ̀ ti kú, tó bá di oṣù tó ń bọ̀ wọ́n ti padà wá, ojú wọn pọ́n, wọ́n ní wọ́n ta ayédèrú fún àwọn.

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé bátìrì dà bí kẹ́ẹ̀gì omi. Bátìrì vólt 12 tó jẹ́ 200 àmpù, ẹ fi 12 sọ 200 di púpọ̀, ó jẹ́ 2,400, iye wáàtì tó lè gbé fún wákàtí kan nìyẹn. Tó bá jẹ́ bátìrì olómi tó wọ́pọ̀ lọ́jà wa, kò dáa kẹ́ ẹ fa ju bí ìdajì lọ, kò ní pẹ́ bàjẹ́, ó ku 1,200. Fáànù kan tó ń lo 70 wáàtì fún wákàtí márùn-ún, 350 ti lọ. Tẹlifíṣọ̀n 80 wáàtì fún wákàtí mẹ́rin, 320. Gílóòbù kéékèèké márùn-ún tó jẹ́ wáàtì mẹ́wàá mẹ́wàá, wákàtí márùn-ún, 250. Ẹ ti lo 920, ìnfátà fúnra ẹ̀ sì ń jẹ tiẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Ẹ wá mú áyọ́ọ̀nù jáde, áyọ́ọ̀nù tó jẹ́ 1,000 wáàtì, ẹ lò ó fún ìṣẹ́jú 15 péré kẹ́ ẹ fi lọ yúnífọ́ọ̀mù ọmọ, 250 lọ, iná tí fáànù máa lò fún wákàtí mẹ́ta ààbọ̀! Tẹ́ ẹ bá sọ gbogbo ìṣirò yìí fún èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù, á máa mi orí ni, kò gbọ́ ọ.

Mo wá ṣe gémù kan. Ilé kan ló wà lójú fóònù, aago méje alẹ́, ẹ gbọ́ bí NEPA ṣe mú iná lọ, gbogbo àdúgbò ní "áàà!" Àwọn nǹkan inú ilé wà níbẹ̀, ẹ fọwọ́ kan fáànù ó yí, ẹ fọwọ́ kan tẹlifíṣọ̀n ó tàn, kẹ́ẹ̀gì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí omi inú ẹ̀ ń lọ sílẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń lò ó. Ọmọ á ní òun fẹ́ ka ìwé. Ìyàwó ilé á ní òun fẹ́ lọṣọ fún ọ̀la. Àlejò á dé, á ní kẹ́ ẹ tan tẹlifíṣọ̀n kóun wo bọ́ọ̀lù. Ẹ gbọ́dọ̀ gbé ilé yẹn dé aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Tí kẹ́ẹ̀gì bá gbẹ lóru, gbogbo ẹ̀ á ṣókùnkùn, fáànù á dúró, ẹ á wá máa gbọ́ ohùn ẹ̀fọn. Tí ilẹ̀ bá mọ́, oòrùn á yọ, àmọ́ tó bá jẹ́ ìgbà òjò bí òní, ìkùukùu á bo ojú ọ̀run, kẹ́ẹ̀gì ò ní kún tán. Kò sí ẹ̀bùn kankan níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ta á tán, á kàn sọ fún yín pé irú ilé tẹ́ ẹ ń gbé yìí, ohun tẹ́ ẹ nílò rèé, bátìrì báyìí, páńẹ́lì báyìí.

Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n, ó ta á, ó dákẹ́, ó ní "àbúrò, gémù yìí á lé wọn lọ. Á jẹ́ kí wọ́n rí i pé bátìrì kan ò tó, owó ìkejì ò sì sí lọ́wọ́ wọn." Ó wá pa òwe fún mi, ó ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Mi ò rí ìdáhùn fún un lọ́jọ́ yẹn. Mo kàn bẹ̀ ẹ́ pé ká fi sórí tábù kan ní ṣọ́ọ̀bù fún oṣù kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹnì kan. Aránṣọ ni obìnrin náà, ó wá ra ńlá, ó ti ní in lọ́kàn pé bátìrì méjì lòun fẹ́, torí áyọ́ọ̀nù. Ó ta gémù náà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni ilé ń ṣókùnkùn mọ́ ọn lórí. Nígbà kẹrin, ó dúró, ó ní "tí mo bá wá ń lọṣọ lọ́sàn-án nígbà tí oòrùn ń ràn ńkọ́?" Ó gbìyànjú ẹ̀, ilẹ̀ mọ́ bá a. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, òun ló fọwọ́ ara ẹ̀ rí i. Bátìrì kan ló rà. Lójú ẹ̀gbọ́n, ọjà kékeré la tà lọ́jọ́ yẹn, ojú ẹ̀ ò dáa sí mi. Àmọ́ obìnrin yẹn ò padà wá bá a jà o, ó mú àbúrò ẹ̀ wá, ó tún mú ẹnì kan wá láti ṣọ́ọ̀ṣì wọn, àwọn yẹn ra ńlá, torí ẹni tí wọ́n gbà gbọ́ ló mú wọn wá. Àwọn tó ń fi ìbínú padà wá bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ẹni tó bá ti fọwọ́ ara ẹ̀ pa iná nínú gémù, tí iná bá kú nílé ẹ̀, á mọ ohun tóun ṣe. Ẹ̀gbọ́n ò tún pa òwe yẹn fún mi mọ́.

Ẹ má rò pé gbogbo símúléṣọ̀n ló ń sọ òótọ́ o. Ní ọjọ́ 4 oṣù keje 2002, àwọn ológun Amẹ́ríkà gbé gémù kan jáde lọ́fẹ̀ẹ́, America's Army, kí àwọn ọ̀dọ́ lè rí bí iṣẹ́ ológun ṣe rí kí wọ́n sì wá forúkọ sílẹ̀. Wọ́n ṣe é dáadáa, ẹ ò lè di atamátàsé nínú ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ yege ìdánwò, wọ́n tún ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹni tó fara pa. 2022 ni wọ́n tó pa á, ó lò tó nǹkan bí 20 ọdún. Àmọ́ nínú gémù yẹn, tí ìbọn bá bà yín, ẹ dúró díẹ̀, ìjà míì bẹ̀rẹ̀, ẹ tún dìde. Ohun tí àwọn kan ń bá wọn jà lé lórí nìyẹn, pé ọmọ tí ò tíì pé ọdún 18 ń tọ́ ogun wò, ikú ò sì sí nínú ohun tó ń tọ́ wò. Lójú tèmi, àwọn tó bínú yẹn ní òótọ́ lọ́wọ́. Ìyá elépo tó bá gbé epo tó mọ́ síwájú fún ìtọ́wò tó wá ń wọn ti ẹ̀yìn fún yín, olè ni. Tẹ́ ẹ bá ń ṣe símúléṣọ̀n fún ọjà yín, ohun tó dun kọ́sítọ́mà nínú ọjà yẹn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ìkùukùu gbọ́dọ̀ bo oòrùn, ẹ̀fọn gbọ́dọ̀ kùn.

Ẹ̀yin káfíńtà, mi ò gbàgbé yín. Ní 2017 IKEA, ilé iṣẹ́ tó ń ta àga àti bẹ́ẹ̀dì, gbé áàpù kan jáde, IKEA Place, nígbà yẹn èèyàn á na fóònù sí pálọ̀ ẹ̀, á rí àga bí ẹni pé ó ti wà níbẹ̀, bó ṣe tóbi gan-an ló máa ń rí. Ẹ lè ní òyìnbó nìyẹn. Ó dáa, ẹ gé páálí tó tóbi tó bẹ́ẹ̀dì tí kọ́sítọ́mà fẹ́, ẹ ká a, ẹ gbé e lọ sílé ẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní yàrá, ẹ ní kó rìn yí i ká, kó ṣílẹ̀kùn wọ́dúróòbù. Símúléṣọ̀n nìyẹn, kò ná yín ní kọ́bọ̀. Gémù ò dìgbà tó bá wà lórí fóònù.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ṣe é lórí fóònù, mi ò ní pẹ́ níbí torí ẹ lè rí èyí tó kù fúnra yín. Twine wà, ọ̀fẹ́ ni, ẹni tí ò mọ kóòdù rárá lè fi ṣe ìtàn tí èèyàn ń yan ọ̀nà nínú ẹ̀, fáìlì kan ṣoṣo ló máa bọ́ sí, kò wúwo. Godot wà fún ẹni tó fẹ́ ṣe ńlá, ọ̀fẹ́ lòun náà. Ẹ jẹ́ kó kéré, ẹni tó ní dátà igba náírà ò ní fi jó gémù yín. Ẹ jẹ́ kó sọ Yorùbá, kó ní ohùn, torí ẹni tó máa ra ọjà yẹn lè má ráyè kàwé lójú fóònù. Ẹ jẹ́ kí ọ̀pẹ̀ jẹ díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́ kó má bàa sá, bí ọ̀ta tó láàánú ṣe máa ń ṣe fún ọmọdé nídìí ayò. Ẹ̀yin kan sì wà tó jẹ́ pé kí èèyàn tó ta ọmọ ayò kan ẹ ti ń gba nọ́mbà fóònù ẹ̀, ọjọ́ ìbí ẹ̀, orúkọ ìyá ẹ̀. Òfin ìdáàbòbò dátà ti wà láti 2023. Ohun tẹ́ ẹ ò nílò, ẹ má gbà á. Ta ló ń gba nọ́mbà fóònù lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tọ́ epo wò?

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ débí, ọmọkùnrin kan láti FUTA, yunifásítì tó wà ní Àkúrẹ́, bi mí pé ṣé AI ò lè ṣe gbogbo ẹ̀ báyìí. Mo ní á bá ẹ kọ kóòdù ẹ̀, kò sí wàhálà. Àmọ́ kò ní bá ẹ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ méjì kó gbọ́ ìbéèrè tí wọn ò béèrè.

Ìgbà yẹn ni ìyá kan tó ń ta epo ní Ọjà Ọba na ọwọ́ sókè. Wọ́n ní "ọmọ mi, o ti ń pe epo látàárọ̀, ṣé fóònù lè tọ́ epo wò ni?"

Mo ní rárá, màmá, kò lè tọ́ ọ, ẹ máa kán an sí wọn lẹ́yìn ọwọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é. Mo wá bi wọ́n pé kí ló máa ń ṣi àwọn kọ́sítọ́mà yín lọ́nà tí wọ́n bá wá ra epo. Màmá rò ó díẹ̀. Wọ́n ní àwọn tó fẹ́ ṣe ìnáwó ni. Wọn kì í mọ iye tó máa tó wọn, wọ́n á rà á ní kékeré, epo á tán nígbà tí ìkòkò ṣì wà lórí iná, wọ́n á wá sáré dé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, iyekíye tí wọ́n bá pè é ni wọ́n á rà á. Àwọn míì á ra kẹ́ẹ̀gì méjì, ọ̀kan á kù, wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa gbé e sí.

Mo ní, ó dáa, tó bá jẹ́ èèyàn igba ńkọ́?

Màmá ò tiẹ̀ ronú. Wọ́n ní "ọbẹ̀ wo?" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lórí ìka, tó bá jẹ́ ẹ̀fọ́ rírò ó yàtọ̀, tó bá jẹ́ ẹ̀gúsí ó yàtọ̀, tí wọ́n bá máa dín ẹran níbẹ̀ ẹ má fi epo yìí ka ti ìyẹn, tí ìyá alásè bá sì jẹ́ ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ń wúwo sí epo ẹ fi díẹ̀ lé e. Ọdún mélòó ni wọ́n ti ń gbé ìṣirò yìí kiri nínú orí wọn. Ọmọbìnrin kan lẹ́yìn wọn ti ṣí láptọ́ọ̀pù, ó ń tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ọwọ́ ẹ̀ ò yá tó ẹnu wọn mọ́, ó ní "màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ti ẹ̀fọ́ yẹn sọ," màmá bá gbé àga wọn, wọ́n lọ jókòó tì í.